Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Aláyò

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé tí ó ṣubú ń wo iwájú, nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé òun dìde. Àgbà tí ó ṣubú ń wo ẹ̀yìn, nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú, kí ohun náà má baà tún gbé e ṣubú lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí bá gbogbo iṣẹ́ ènìyàn mu, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí ó ti hàn kedere bí ìdí ọpọ́n ayò. Ẹni tí wọ́n pa ní ayò, tí ó kàn sáré tún ọmọ ayò tò, tí ó ní kí wọ́n tún ta òmíràn, ọmọdé ni, ì báà ti hu irùngbọ̀n. Ẹni tí ó jókòó, tí ó fara balẹ̀ wá ibi tí ẹsẹ̀ òun ti yọ̀, àgbà ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ní ayé òde òní, ẹ̀rọ kan wà tí í máa bá ènìyàn wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ayò tí a ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì ni a ṣe é fún. Ayò náà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá mọ́, pàápàá láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà jókòó sí gbangba ìlú New York, tí ó sì ta á fún ọgọ́ta wákàtí. Orí pátákó tí ó ní ojú 64 ni a ti ń ta á. Ojú kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ tirẹ̀, láti ara lẹ́tà a títí dé h, àti nọ́ńbà 1 títí dé 8. Olúkúlùkù nínú àwọn méjì tí ń ta á ní ọmọ ayò 16: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé-ìṣọ́ méjì, àti ọmọ-ogun mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ká ọba ẹnì kejì mọ́ ibi tí kò ti lè sá lọ mọ́ ni ó borí. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn tí ń ta ayò yìí ti fi iye lé àwọn ọmọ ayò: ọmọ-ogun jẹ́ 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé-ìṣọ́ jẹ́ 5, ayaba sì jẹ́ 9. A kò fi iye lé ọba, nítorí pé ẹni tí ó bá pàdánù ọba rẹ̀ ti pàdánù ohun gbogbo.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà dé ayé tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti kọ́ ọ ní ayò yìí. Ní ọdún 1950, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, gbé àròkọ kan jáde tí ó fi ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Turing ti kọ ìlànà tí ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ká a. Nítorí náà, ní ọdún 1952, ó mú ìwé àti kálàmù, ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ, ó sì ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ta ayò. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 45 lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, ní ìlú New York, Deep Blue, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ IBM, tí ó lè yẹ nǹkan bí igba mílíọ̀nù ipò ayò wò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fi àmì 3½ sí 2½ borí Garry Kasparov, ẹni tí í ṣe ọ̀ta ayò gbogbo àgbáyé nígbà náà.

Lónìí, kò di ìgbà tí ènìyàn bá ní ẹ̀rọ tí ó tóbi bí àká. Ní ọdún 2008 ni Stockfish kọ́kọ́ jáde. Ọ̀fẹ́ ni; ẹni tí ó bá ní fóònù alágbéká lè gbà á láìsan kọ́bọ̀, agbára rẹ̀ sì ti kọjá ti ọ̀ta yòówù tí a fi obìnrin bí. Èyí ni pé òpè tí ń ta ayò lábẹ́ igi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lè ní olùkọ́ nínú àpò, irú èyí tí ọba àti ìjòyè ayé àtijọ́ kò lè fi owó rà.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ronú? Nígbà tí ayò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó mú funfun lè gbé ìgbésẹ̀ 20, ẹni tí ó mú dúdú náà sì lè fèsì lọ́nà 20. Kí olúkúlùkù tó ta ẹ̀ẹ̀kan péré, ipò 400 ni ó ti ṣeé ṣe kí ayò wà. Bí ẹ̀ka igi ni ó ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ náà ń tọ ẹ̀ka wọ̀nyí lọ jìnnà, ó ń gé èyí tí kò wúlò sọnù, níkẹyìn ó sì ń fi nọ́ńbà kan sọ èrò rẹ̀. Bí ó bá kọ +1, ó túmọ̀ sí pé ó sàn fún funfun bí ẹni pé ó fi ọmọ-ogun kan ju dúdú lọ. Bí ó bá kọ −2, ó sàn fún dúdú bí ẹni pé ó fi ọmọ-ogun méjì lé. Ohun kan sì wà tí kò yẹ kí a gbàgbé: ẹ̀rọ náà gbà pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi èsì tí ó dára jù lọ fún ara wọn. Kì í retí pé kí ojúkòkòrò tàbí ìkánjú ti alátakò ṣubú.

Ọmọkùnrin kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Ìbàdàn tí ó fẹ́ràn ayò yìí púpọ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà lórí fóònù, ó sì ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ó bá ti ta ayò tán, yóò tẹ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú fóònù, yóò wo ibi tí ẹ̀rọ ti fi àmì pupa sí, yóò mi orí, yóò sì pa fóònù dé. Ó rò pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́. Síbẹ̀, àwọn tí ń pa á ní oṣù kìíní ni wọ́n tún ń pa á ní oṣù kẹfà.

Ní ọjọ́ kan, ó ka ìtàn ọ̀ta kan tí ń jẹ́ Légal, ẹni tí ó gbé ayé ní ìlú Paris ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ó sì kọ́ Philidor olókìkí ní ayò. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà tí a fi orúkọ Légal pè. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú ti wá dúró sí ojú g4, ó dojú kọ ẹṣin funfun tí ó wà ní f3, ayaba funfun sì wà lẹ́yìn ẹṣin náà ní d1. Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé ẹṣin náà kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí pé bí ó bá kúrò, bíṣọ́ọ̀bù yóò jẹ ayaba. Ẹṣin náà kúrò! Ó fò lọ jẹ ọmọ-ogun ní e5. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú jẹ ayaba pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà náà ni bíṣọ́ọ̀bù funfun jẹ ọmọ-ogun ní f7, ó sì kọjú ìjà sí ọba. Ọba sá bọ́ sí e7. Ẹṣin funfun kejì fò sí d5, ọba sì há. Ẹni tí ó jẹ ayaba ti jẹ ìjẹkújẹ.

Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ ọmọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè sùn dáadáa. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan jókòó ti pátákó. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú wá sí g4 bí ó ti wà nínú ìwé. Lẹ́yìn èyí, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹṣin kan jáde sí c6, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo ìhà ibẹ̀. Ó fi ẹṣin tirẹ̀ jẹ ọmọ-ogun ní e5. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ayaba nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó sì jẹ ẹ́. Ní ìgbésẹ̀ keje, ọba dúdú há. Àwọn òǹwòran hó yèè. Wọ́n gbé ọmọkùnrin náà sókè, wọ́n ń pè é ní ọ̀ta.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ ayò náà sínú fóònù. Oríyìn ni ó ń retí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìgbésẹ̀ karùn-ún, ibi tí ó ti fi ayaba sílẹ̀, ẹ̀rọ náà fi àmì ìbéèrè méjì sí i. Ṣáájú ìgbésẹ̀ náà, ó sàn díẹ̀ fún funfun. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà já wá sí ìhà −2. Ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ náà fẹ́ ni pé kí ó ti ọmọ-ogun kékeré kan sí h3. Inú bí ọmọkùnrin náà. Ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan. Àbí ta ni ó borí?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tọ olùkọ́ ìṣirò wọn lọ, nítorí pé olùkọ́ náà ni ó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláyò ilé-ẹ̀kọ́ náà.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ni ó wí. “Ẹ̀rọ yìí sọ pé mo ṣe àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni èmi ni mo borí.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi,” ni olùkọ́ náà dáhùn. “Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀. Kí ni ìwọ fúnra rẹ sọ?”

Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Kò sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Láti oṣù mélòó kan wá, kò sọ nǹkan kan rí.

Olùkọ́ náà kò fọwọ́ kan fóònù. Ó to ọmọ ayò sórí pátákó gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì yí pátákó náà po. “Ìwọ ni o mú dúdú báyìí,” ni ó wí. “Ọ̀tá fi ayaba sílẹ̀ fún ọ. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú ọ pé kí o jẹ ẹ́. Kí ni ìwọ yóò ṣe?”

Ọmọkùnrin náà wo pátákó títí. Nígbà tí ó ṣe, ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹṣin tí ó wà ní c6. Ó mú un, ó fi jẹ ẹṣin funfun ní e5, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ẹṣin dúdú náà wá wà ní ibi tí ó ti ń ṣọ́ bíṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní g4. Ayaba funfun kò lè jẹ bíṣọ́ọ̀bù náà láìjẹ́ pé wọ́n jẹ òun náà. Funfun ti fún wọn ní ẹṣin, tí í ṣe 3. Ọmọ-ogun, tí í ṣe 1, ni ó rí gbà. Méjì ni ó jẹ gbèsè. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ nìyẹn.

“Nínú ayò ti Légal,” ni olùkọ́ náà wí, “kò sí ẹṣin ní c6. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. O há ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sórí, o kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó wá ku h3. Kí ni ọmọ-ogun kékeré náà ń wá níbẹ̀?”

Ó tó ìdajì wákàtí kí ọmọkùnrin náà tó rí i. Bí ọmọ-ogun bá dé h3, yóò lé bíṣọ́ọ̀bù dúdú. Bí bíṣọ́ọ̀bù náà bá sún sẹ́yìn sí h5, ó ti kúrò níbi tí ẹṣin e5 yóò ti lè ṣọ́ ọ. Nígbà náà ni ẹṣin funfun lè wá fò lọ sí e5. Bí dúdú bá ṣe ojúkòkòrò, tí ó jẹ ayaba, ọba rẹ̀ yóò há bí ti ìṣáájú. Bí ó bá sì fi ẹṣin jẹ ẹṣin, ayaba funfun yóò jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní h5. Bí ẹṣin dúdú bá jẹ bíṣọ́ọ̀bù funfun ní c4, ayaba yóò lọ sí b5, yóò kọjú ìjà sí ọba, yóò sì padà jẹ ẹṣin náà. Nígbà tí ó ṣírò gbogbo rẹ̀, funfun fi ọmọ-ogun kan lé. Ojú kan ṣoṣo ni bíṣọ́ọ̀bù sún, ohun tí ó jẹ́ ìwà òmùgọ̀ sì di ọgbọ́n.

Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà ní, “Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń sọ. O ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n o kò jẹ́ kí ó dé inú rẹ.”

Òtítọ́ ni olùkọ́ náà sọ. Ẹ̀rọ náà mọ ohun tí ó dára, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí ènìyàn kò fi rí i. Kò mọ̀ pé ìkánjú ni, tàbí ìgbéraga, tàbí ìbẹ̀rù. Nọ́ńbà ni ó ń kọ. Ẹni tí ó ta ayò ni yóò wá ìdí. Bákan náà ni kì í fi ẹni tí ó borí pè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn máa ń fi ìgbésẹ̀ burúkú borí, nítorí pé ẹnì kejì ṣe èyí tí ó burú jù ú lọ. Bí ayọ̀ bá dí i lójú, yóò gbé àṣìṣe náà mọ́ra bí ẹ̀bùn, títí yóò fi bá ẹni tí kì í ṣe ojúkòkòrò pàdé.

Ó sì tún yẹ kí òpè mọ èyí tí yóò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà bá sún díẹ̀, bóyá láti 0.3 sí 0.1, kì í ṣe ohun tí ó lè da ayò òpè rú. Ibi tí nọ́ńbà ti já lulẹ̀ tó iye ẹṣin tàbí ilé-ìṣọ́ ni kí ó lọ dúró sí. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń fi hàn rí tóóró bí okùn. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni a ní láti gbé láìṣì ọ̀kan kí a tó là á já. Kò sí ìtìjú fún ẹni tí kò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀rọ wọ̀nyí tó dé, àwọn ọ̀ta ti mọ àṣírí yìí. Mikhail Botvinnik, ará Rọ́ṣíà, tí ó di ọ̀ta àgbáyé ní ọdún 1948, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí olúkúlùkù yẹ ayò ara rẹ̀ wò láìṣojúsàájú, kí ó sì gbé àlàyé rẹ̀ síta kí àwọn ẹlòmíràn lè tọ́ka sí àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Karpov, Kasparov àti Kramnik wà lára àwọn tí ó kọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di ọ̀ta àgbáyé. Iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ronú fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe lónìí. Ẹni tí kò bá ronú, kò sí ohun tí ẹ̀rọ yóò bá a tún ṣe. Ní ti ẹni tí ó bá yọ́ wo ẹ̀rọ nígbà tí ayò ń lọ lọ́wọ́, olè ni. Òfin ayò kórìíra rẹ̀, àwọn aláṣẹ ayò àgbáyé a sì máa fi ìyà jẹ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ra ìwé kékeré kan. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ta ayò tán, yóò kọ́kọ́ tún un tò sórí pátákó, yóò kọ ibi tí ó rò pé òun ti ṣì sínú ìwé náà, àti ìdí rẹ̀, kí ó tó ṣí fóònù. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn èyí, àgbà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan pa á níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó gbé e sókè ní ọjọ́ náà. Ó dé ilé, ó tan iná, ó to ayò náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìgbésẹ̀ kọkàndínlógún ni òun ti fi ilé-ìṣọ́ òun sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́, nítorí pé òun ń sáré lọ bá ọba ọlọ́ba. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣí fóònù. Ẹ̀rọ náà fi àmì pupa sí ìgbésẹ̀ kọkàndínlógún gan-an. Ó tún fi òmíràn sí ìgbésẹ̀ kejìlá, èyí tí ọmọkùnrin náà kò fura sí rárá.

Ó wo àmì kejì yìí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pa fóònù dé, ó dá ọmọ ayò padà sí bí wọ́n ti wà ní ìgbésẹ̀ kejìlá, ó sì gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n, ó ń wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.